Ta ló ń ṣe àwárí, èmi ni àbí fóònù?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

À ń wá orúkọ Yorùbá fún ètò tó ń jẹ́ kí oníbàárà rí áàpù tuntun, ìyẹn irinṣẹ́ tí à ń gbé sórí fóònù. Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní kí a máa pè é ní "ẹ̀rọ àwárí". Ó dùn létí, ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn. Àwárí ni obìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀. Obìnrin yẹn ti mọ ọbẹ̀ tó fẹ́ sè kó tó dìde. Ẹni tí kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan wà, báwo ló ṣe fẹ́ wá a rí?

Ó ṣojú mi ní Ẹ̀pẹ́. Àbúrò ìyá mi ń ta ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo. Àwọn tó ń kó ẹja lọ sí Èkó máa ń gbà á láwìn, inú ìwé kékeré kan tí epo ẹja ti mu dé ìdajì ló sì ń kọ orúkọ wọn sí. Mo ní kó wá áàpù tó máa bá a ṣe é. Ó fi àtàǹpàkò kan ṣoṣo tí kò lẹ́ja lára tẹ "gbese". Àwọn tó ń yáni lówó èlé nìkan ni fóònù kó jáde! Ó wò mí, ó ní, "Ṣé mo ní mo fẹ́ jẹ gbèsè ni? Àwọn ló jẹ mí." A tẹ "awin", kò mú nǹkan gidi kan wá. Ìyá tó wà ní ìsọ̀ kejì ló gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Èyí témi ń lò rèé."

Ohun tí ìyá yẹn ṣe ni mo ń wá orúkọ fún, júwe ni. Bí àlejò bá wọ ọjà, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́ja fún mi." Ẹni tó mọ ọjà á kọ́kọ́ bi í pé irú ẹja wo. Bí ètò yìí náà ṣe ń ṣe nìyẹn: ó ń wo ohun tí àwọn tó jọ ọ́ ti gbé sórí fóònù wọn, á wá fi júwe fún ọ. Nígbà tí Apple, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fóònù iPhone, ṣí ìsọ̀ áàpù tirẹ̀, App Store, ní oṣù keje ọdún 2008, nǹkan bí áàpù 500 ló wà lórí àtẹ, ojú ṣì lè ká a. Ní báyìí wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù kan. "Ajúwe" ni tèmi. Ẹnì kan máa ní "àpèjúwe" ti gba júwe lọ nínú gírámà. Ṣé ìyẹn ní ká má júwe ilé mọ́ ni?

(Google náà pe tirẹ̀ ní ọjà, Android Market, kó tó sọ ọ́ di Google Play ní 2012. Ọjà náà ṣì ni, eré kọ́.)

Ẹlòmíràn dábàá "alárinà". Ibẹ̀ ni kí a ti ṣọ́ra. Àwọn áàpù kan wà tó jẹ́ pé owó ni wọ́n san kí wọ́n lè jókòó sókè nígbà tí o bá tẹ ọ̀rọ̀. Apple bẹ̀rẹ̀ èyí ní 2016. Ìyẹn kì í ṣe ìjúwe, ìpolówó ni, alárinà á sì da méjèèjì pọ̀ mọ́ wa lójú.

Ó wá ku ẹni tí kò wá nǹkan kan, tí wọn ò sì júwe fún, tó kàn ṣe kòńgẹ́ áàpù níbi tó ti ń yọjú káàkiri. "Kòńgẹ́" náà ni mo máa fi í sí, àfi bí ẹnì kan bá ní èyí tó sàn jù ú.