Báwo ni àwọn oníbàárà yóò ṣe dá ọṣẹ mi mọ̀?

Ẹ̀yin tí ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àdín àti eérú ni mo fi ń se ọṣẹ dúdú ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin. Àràárọ̀ ni mo ń gbé àwòrán rẹ̀ sórí Status WhatsApp, ṣùgbọ́n nítorí pé wákàtí 24 péré ni ìyẹn ń lò kí ó tó pòórá, mo ṣí WhatsApp Business, mo sì to ọjà mi àti iye owó wọn ní Sẹ́fà síbẹ̀. Àwọn ènìyàn ń béèrè iye, wọn kì í padà wá.

Èyí tí ó dùn mí jù ni pé alágbàtà kan ní Kútọnu, tí ó ń rajà lọ́wọ́ mi, ń tún ọṣẹ náà dì sínú ike tirẹ̀, àwòrán mi gan-an ni ó sì fi ń polówó rẹ̀; igbá ìyá mi tí ó sán létí hàn gbangba nínú rẹ̀. Mo kọ orúkọ mi sísàlẹ̀ àwòrán, ó gé e kúrò.

Owó ọwọ́ mi kò lè ṣe ju ohun kan lọ báyìí. Ṣé kí n kọ́kọ́ tẹ orúkọ ọṣẹ sára bébà tí mo fi ń wé e ni, àbí kí n máa ṣe fídíò kúkúrú níbi tí mo ti ń ro ó lórí iná, tí mo ń sọ Yorùbá, tí mo sì kọ Faransé sísàlẹ̀, kí àwọn oníbàárà lè mọ̀ pé ọwọ́ mi ni ó ti wá?