"Sún síwájú" lédè Gẹ̀ẹ́sì: ẹ bá mi dá sí i

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́. Mò ń ṣètò ìwé kékeré fún àwọn tó ń gbé fóònù ní ọ́fíìsì níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. "I'd like to make an appointment" kò ṣòro. Yíyí ọjọ́ padà ló le.

Bí a bá ní wọ́n ti sún ìpàdé síwájú, ó ti di ọjọ́ mìíràn lẹ́yìn ìyẹn nìyẹn. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ sí "bring it forward" ti bà á jẹ́: láti Friday bọ́ sí Wednesday tó ṣáájú rẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì gbọ́. "Postpone it to Monday" tàbí "push it back" ló bá tiwa mu.

Òǹkà náà ń dani rú. Òní ìjọ́ mẹ́jọ, "a week today" ni, kì í ṣe "in eight days", torí àwa ń ka òní mọ́ ọn.

Ṣé kí n yọ "push back" kúrò, kí n fi "postpone" nìkan sílẹ̀? "Back" yẹn ń dún bí ẹ̀yìn létí wa, ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí gan-an. "Next Friday" ńkọ́, tí ẹlòmíràn lè gbọ́ bíi Friday tó kàn, tí ẹlòmíràn á gbọ́ bíi ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e? Ó wù mí kí wọ́n máa dárúkọ ọjọ́ àti déètì pọ̀: "Friday the 14th, at 10 a.m. Is that right?" Ẹ jọ̀ọ́, èwo lẹ fi ń kọ́ àwọn tiyín?