Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá: èwo ni kí wọ́n mú?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sanra gan-an, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì fi hàn pé CRP wọn (èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń pọ̀ bí ara bá ń gbóná lábẹ́nú) ga. Dókítà ní ọ̀rá inú ikùn máa ń tú èròjà bíi IL-6 sínú ẹ̀jẹ̀, tí ara á fi máa gbóná lábẹ́nú.

Èwo ló yẹ wọ́n nínú eré ìdárayá onídàákúrekú? Ti àwọn ará Nọ́wè, ìṣẹ́jú 4 kíkankíkan, 3 wọ́ọ́rọ́wọ́, lẹ́ẹ̀mẹrin? Eré àsápajúdé oníṣẹ́jú-àáyá 30 ń bà mí lẹ́rù, torí orúnkún ń dùn wọ́n. Ọkàn mi fà sí ti Japan: ìrìn kánmọ́kánmọ́ ìṣẹ́jú 3, ìrìn pẹ̀lẹ́ 3, lẹ́ẹ̀márùn-ún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, ṣé CRP yín wálẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọn?