Báwo ni ẹni tí mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ṣe mọ ibi tí mò ń gbé?

Abẹ́rẹ́ àti Òwú:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí ọkàn mi kò tíì balẹ̀ láti ìgbà náà, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ là mí lọ́yẹ. Mo ní ẹ̀rọ ìránṣọ kan tí mo fẹ́ tà, mo sì ya fọ́tò rẹ̀ mẹ́ta nínú yàrá mi. Ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí ní òun fẹ́ rà á, ṣùgbọ́n ó sọ pé àwọn fọ́tò tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò mọ́ tó láti ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ara ẹ̀rọ náà, ó sì rọ̀ mí pé kí n fi wọ́n ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ó fi kọ̀wé sí mi pé òun lè wá gbé e ní ọjọ́ kejì, ó sì dárúkọ òpópónà wa gan-an.

N kò sọ àdírẹ́sì mi fún un rárá. Mo tún yẹ àwọn fọ́tò náà wò fínnífínní: ògiri funfun, tábìlì àti ẹ̀rọ nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí fèrèsé, kò sí ìwé kankan. Ṣé ó ti rí ọ̀nà wọ inú fóònù mi ni? Ṣé kí n pa GPS rẹ̀, ohun tó ń jẹ́ kí fóònù mọ ibi tó wà, pátápátá? Èmi àti ọmọ mi nìkan la jọ ń gbé, nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré.

Ayàwòrán:

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Kò wọ inú fóònù yín. Inú fọ́tò yẹn gan-an ni àdírẹ́sì yín wà, ẹ má sì dá ara yín lẹ́bi, nítorí pé ojú lásán kò lè rí i.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mo fi ń jẹun. Fáìlì fọ́tò kì í ṣe àwòrán nìkan. Àkọsílẹ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Exif, ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní Japan ní 1995 kí gbogbo kámẹ́rà lè máa kọ irú ìsọfúnni kan náà lọ́nà kan náà. Ó wúlò fún àwa tí a ń ya fọ́tò, nítorí pé ó ń sọ bí a ṣe jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé tó àti bí ojú kámẹ́rà ṣe pẹ́ tó kó tó pa dé. Ṣùgbọ́n ó tún ń kọ irú fóònù tí a lò, ọjọ́ àti aago, àti nígbà mìíràn nọ́ńbà tí kámẹ́rà náà nìkan ní láyé. Bí ẹ bá sì ti fún kámẹ́rà láyè láti mọ ibi tí ẹ wà, á kọ ìyẹn náà.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ya fọ́tò ife omi kan lórí tábìlì mi báyìí, kí n lè sọ ohun tí mo rí gan-an fún yín. Ife lásán ni ojú rí. Àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ sọ pé aago 7:42 àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú àáyá 9 ni mo yà á, ó sọ ìhà tí fóònù kọjú sí, ó sọ bí ibi tí mo jókòó sí ṣe ga tó ju òkun lọ, ó sì fi nọ́ńbà méjì sọ ibi tí mo wà. Mo da nọ́ńbà méjèèjì kọ sórí máàpù, àmì rẹ̀ sì bọ́ sórí òrùlé mi. GPS inú fóònù lè fi mítà díẹ̀ ṣì í, pàápàá nínú ilé, ṣùgbọ́n mítà díẹ̀ kò lè fi òpópónà pamọ́.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó yẹ kí wọ́n mọ̀ jù wá lọ. Ní oṣù Kejìlá 2012, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè Belize ń wá John McAfee, ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ McAfee tó ń ṣe ètò ààbò kọ̀ǹpútà sílẹ̀, láti fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, àwọn oníròyìn Vice tí wọ́n wà pẹ̀lú rẹ̀ gbé fọ́tò rẹ̀ jáde láìyọ àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ kúrò, àwọn tó wò ó sì kà á síta pé Guatemala ló wà.

Atúnfóònùṣe:

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí Ayàwòrán sọ. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́ ni ọ̀nà tí fọ́tò náà gbà jáde. Àwọn tí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ kọ́ ló tú yín fó: WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀, á sì ṣe òmíràn dípò rẹ̀, àkọsílẹ̀ ibi tí ẹ wà kì í sì bá a lọ. Document ni kì í fọwọ́ kan fáìlì. Bó ṣe wà lọ́wọ́ yín ni yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Bákan náà ni fọ́tò tí a so mọ́ ímeèlì. Facebook máa ń yọ àkọsílẹ̀ náà kúrò kí aráyé tó rí fọ́tò náà, ṣùgbọ́n odidi fáìlì ti kọ́kọ́ dé ọwọ́ ilé-iṣẹ́ náà.

Ẹ má pa GPS pátápátá, nítorí pé òun ni ẹ ó fi wá fóònù yín bí ó bá sọnù. Kámẹ́rà nìkan ni kí ẹ gba àyè yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Lórí iPhone, ẹ wọ Settings, kí ẹ lọ sí Privacy & Security, lẹ́yìn náà Location Services, kí ẹ tẹ Camera, kí ẹ sì yan Never. Lórí Android, inú sẹ́tíǹgì kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń wà, níbi tí wọ́n bá ti kọ Location.

Èyí kò kan àwọn tí ẹ ti yà tẹ́lẹ̀. Fún ìyẹn, bí ẹ bá fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ láti orí iPhone, ẹ tẹ Options lókè ibi tí ẹ ti ń yan ẹni tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí, kí ẹ sì pa Location. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows, Properties fọ́tò náà ni kí ẹ ṣí, kí ẹ wọ Details, ẹ ó sì rí Remove Properties and Personal Information nísàlẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá le, ẹ ya screenshot fọ́tò náà kí ẹ sì fi ìyẹn ránṣẹ́. Fọ́tò tuntun ni, kò mọ ibi tí wọ́n ti ya ti àkọ́kọ́.

Ní ti oníbàárà yẹn, ẹni tó wá àdírẹ́sì yín láìbi yín kì í ṣe ẹni tí ẹ ó ṣílẹ̀kùn fún.

Olùtọ́jú Àkójọ:

Ẹ jẹ́ kí n fi ìkìlọ̀ kan kún un: inú ẹ̀dà tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ ni kí ẹ ti yọ àkọsílẹ̀ náà kúrò, ẹ má fọwọ́ kan ojúlówó. Bí ọkọ̀ bá gbá yín lọ́la tí ẹ sì ya fọ́tò ibẹ̀, ọjọ́ àti aago inú rẹ̀ lè wúlò fún yín. Fọ́tò ọmọ yín náà, lẹ́yìn ogún ọdún, ẹ ó fẹ́ mọ ọjọ́ tí ẹ yà á.

Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé gígé etí fọ́tò. Ní 2023, wọ́n rí i pé Markup, áàpù tí wọ́n fi ń gé fọ́tò lórí fóònù Pixel ti Google, kì í pa ohun tí a gé kúrò rẹ́ tán. Ìrù fáìlì àtijọ́ ń kù lẹ́yìn tuntun, wọ́n sì lè fi tún apá kan rẹ̀ rí. Google ti tún un ṣe, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ti gé tí wọ́n sì ti fi ránṣẹ́ ṣáájú ìgbà náà wà níta bẹ́ẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àti Òwú:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ṣí ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò náà, mo fi ìka fà á sókè, máàpù kékeré kan sì yọ lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi pẹ̀lú orúkọ òpópónà wa. Ara mi bù máṣọ. Mo ti gba àyè náà lọ́wọ́ kámẹ́rà, mo sì ti sọ fún ọkùnrin náà pé n kò tà mọ́. Ìbéèrè kan ló kù: èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé mo lè gbà á padà?

Atúnfóònùṣe:

Rárá, mà. WhatsApp máa ń fúnni ní nǹkan bí ọjọ́ méjì àti ààbọ̀ láti pa ohun tí a fi ránṣẹ́ rẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó gbà á, ìyẹn sì ti kọjá; kódà ká ní kò tíì kọjá, ẹni tó ti ṣí i tó sì ti kà á ti mọ ohun tó mọ̀. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ rẹ́. Ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ han ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn aládùúgbò yín mọ̀ ní alẹ́ òní.