Irinṣẹ́ oníná wo ni kí n kọ́kọ́ rà fún iṣẹ́ igi nílé?

Ọmọ Bódìjà:
Ẹ̀yin àgbà nídìí iṣẹ́ igi, mo kí yín o. Ìbàdàn ni mo ń gbé. Mo ti fi ayùn ọwọ́, ìfági àti òòlù ṣe àpótí ìjókòó àti àwọn ohun kéékèèké mìíràn fún ilé ara mi, ṣùgbọ́n ní báyìí mo fẹ́ ṣe kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná àti bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ, plywood tó wà nínú iṣẹ́ náà sì pọ̀ ju ohun tí ayùn ọwọ́ lè gé lọ. Ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iná ìjọba kì í dúró pẹ́, 2.5 kVA ni wọ́n sì kọ sára jẹnẹrétọ̀ mi. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Amẹ́ríkà fẹ́ fi ayùn orí tábìlì tí òun kò lò mọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ṣé kí n gbà á? Kí ni kí n kọ́kọ́ rà, ṣé kó jẹ́ ti bátìrì ni tàbí ti wáyà?

Gbénàgbénà Abẹ́òkúta:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi kò ní gbà yín níyànjú láti fi ayùn orí tábìlì bẹ̀rẹ̀. Plywood tí a ń rà lọ́jà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ó sì fẹ̀ ní mẹ́rin. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń ti odindi rẹ̀ gba orí ayùn kékeré kọjá nínú àyè tóóró, ìdajì rẹ̀ yóò ti máa tẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn tábìlì kí gígé tó parí, ibi tí a gé yóò sì fún mọ́ abẹ. Nígbà náà ni ayùn máa ń ta pákó padà sí ẹni tó ń tì í.

Ayùn olóbìrípo tí a ń fọwọ́ gbé, èyí tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pè ní sákúlà, ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Èyí tó ń lo abẹ 185 mm, tí agbára rẹ̀ wà láàárín 1,200 sí 1,400 wáàtì, tó fún iṣẹ́ ilé. Ẹ tẹ́ igi mẹ́rin tí kò wúlò mọ́ sílẹ̀, méjì ní apá ọ̀tún ibi tí ẹ óò gé àti méjì ní apá òsì, kí ẹ gbé plywood lé e lórí, kí apá méjèèjì lè dúró jẹ́ẹ́ nígbà tó bá já. Ẹ wá fi kíláǹpù de igi kan tó gún dáadáa mọ́ ọn, kí ẹ̀gbẹ́ sákúlà máa tọ̀ ọ́ lọ. Ojú plywood tó dára ni kí ẹ dà délẹ̀, nítorí pé láti ìsàlẹ̀ ni eyín sákúlà ti ń gé bọ̀ lókè, ojú tó wà lókè ló sì máa ń ya. Kí eyín abẹ yọ sísàlẹ̀ pákó ní nǹkan bíi 5 mm, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀.

Abẹ gan-an ni àwọn ènìyàn kì í fẹ́ náwó lé. Èyí tó ń bá ẹ̀rọ wá sábà máa ń ní eyín 24, ó dára fún lílà igi ní gígùn, ṣùgbọ́n yóò fa plywood ya. Ẹ ra oníeyín 60 lọ́tọ̀ fún un. Sákúlà olówó pọ́ọ́kú tí abẹ rẹ̀ mú yóò ṣiṣẹ́ tó dára ju olówó gọbọi tí abẹ rẹ̀ ti kú lọ.

Dírílì ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà sándà, ẹ̀rọ tí a fi ń mú ojú igi dán. Ihò síǹkì nìkan ni ẹ óò nílò jígísọ́ọ̀, ayùn kékeré tó ń gé ibi tó tẹ̀, fún, ẹ lè yá ìyẹn lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi abẹ igi sórí gíráńdà tí àwọn wẹ́dà fi ń gé irin, bí mo ti ń rí i káàkiri. Gíráńdà kékeré ń yí tó nǹkan bí ìgbà 11,000 ní ìṣẹ́jú kan, sákúlà kò sì ju nǹkan bí 5,000 lọ. Gíráńdà kò ní pẹpẹ tí yóò jókòó lé igi, bó bá sì ta, ọwọ́ tàbí ọrùn ló ń bá.

Oníná Mushin:
Ọ̀rọ̀ ayùn orí tábìlì Amẹ́ríkà yẹn ni mo fẹ́ dá sí. Fóòtì 120 ni wọ́n ń lò níbẹ̀, 230 ni tiwa. Bí ẹ bá kì í bọ iná wa tààrà, ó jóná nìyẹn. Tíránsífọ́mà yóò tún fóòtì ṣe, ṣùgbọ́n kò lè sọ 50 hertz wa (iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan) di 60 hertz tiwọn. Bí mọ́tò rẹ̀ bá jẹ́ oníkáábọ̀n, èyí tí káábọ̀n kéékèèké méjì ń gbé iná wọ ibi tó ń yí nínú rẹ̀, ìyẹn kò ní dí i lọ́wọ́. Bí kò bá ní káábọ̀n, yóò máa yí lọ́ra ju bó ti yẹ lọ, yóò sì máa gbóná.

Ní ti jẹnẹrétọ̀, 2.5 kVA yẹn kì í gbé ju nǹkan bí 2,000 wáàtì lọ fún ìgbà pípẹ́, ayùn sì máa ń fa iná lọ́pọ̀ ìlọ́po nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Sákúlà 1,200 wáàtì yóò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ bí ẹ bá ti yọ fìríìsà àti ẹ̀rọ omi kúrò. Kí wáyà ìfàgùn jẹ́ 2.5 mm², kí ẹ sì tú u tán pátápátá, nítorí èyí tó ká jọ sórí róòlù máa ń gbóná títí tí rọ́bà rẹ̀ yóò fi yọ́.

Dírílì ni kí ẹ ra oníbátìrì. Ínfátà ilé lè gbé ṣájà rẹ̀. Kí ẹ kàn ronú dáadáa kí ẹ tó yan ilé-iṣẹ́ tí ẹ óò rà á lọ́wọ́ rẹ̀, torí bátìrì Makita kì í wọ ẹ̀rọ Bosch, ohun tí ẹ bá sì kọ́kọ́ rà ni yóò pinnu èyí tí ẹ óò máa rà kiri.

Ìyá Oníṣọ̀nà:
Òtítọ́ ni ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n sọ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu ba ìyẹ̀fun igi. Láti 1995 ni IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ti ka ìyẹ̀fun igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn, pàápàá ti inú imú. Èyí tí sándà ń dà sílẹ̀ ló léwu jù, nítorí ó kúnná débi pé ojú kò rí i. Ìyẹ̀fun ìrókò tún máa ń yún ènìyàn lára, a sì máa fa sísín. Ẹ ra ìbomú tó lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa, kì í ṣe aṣọ pẹlẹbẹ, kí ẹ sì máa lo sándà níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ẹ wọ awò ojú àti ìdíhò-etí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ má wọ ìbọ̀wọ́ nídìí ayùn tó ń yí, nítorí bó bá mú òwú ìbọ̀wọ́, yóò fa ọwọ́ mọ́ ọn.

Ẹ̀rọ náà kò mọ igi yà sọ́tọ̀, ẹ̀yin ni ẹ ó mọ̀ ọ́n. Arère àti ọ̀mọ̀, tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù, rọ̀ lábẹ́ ayùn. Apá le koko, ẹ ní láti rọra tì í, bí ohùn ẹ̀rọ bá sì ti rẹlẹ̀, ẹ dín ìtì kù. Pákó tí a ń rà ní Bódìjà sì sábà máa ń tutù nínú. Pákó tútù máa ń fún abẹ mọ́ àárín, ó sì máa ń ká lẹ́yìn tí a ti kàn án, ẹ tò ó jọ lábẹ́ òrùlé, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ìkọ̀ọ̀kan, kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá.

Ọmọ Bódìjà:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Sákúlà àti abẹ oníeyín 60 ni n óò rà, pẹ̀lú dírílì oníbátìrì. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi àwòrán ara ẹ̀rọ náà ránṣẹ́: 120 fóòtì, 60 hertz, 15 ámíìsì. Báwo ni n óò ṣe mọ̀ bóyá oníkáábọ̀n ni?

Oníná Mushin:
Ẹ ní kí wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ mọ́tò rẹ̀. Bí ìdérí róbótó kékeré méjì bá kọjú síra wọn níbẹ̀, tí ojú wọn ní ibi tí a lè fi sìkúdíráfà yí, káábọ̀n ló wà lábẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n 1,800 wáàtì (120 lọ́nà 15) ni ẹ̀rọ náà ń fà nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ kíkún, ẹ óò nílò tíránsífọ́mà 3 kVA, jẹnẹrétọ̀ yín kò sì ní lè gbé e. Ìgbà tí NEPA bá mú iná wá nìkan ni ẹ óò máa lò ó, ẹ wò ó bóyá ó tó owó tí wọn yóò fi gbé e wálé.