Ṣé kí n ha dúdú ara ọ̀bẹ bàbá mi kúrò ni, àbí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Ọdẹ Ìyàrá:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀kun o. Ó ti pẹ́ tí a ti jọ ń sọ̀rọ̀ ọ̀bẹ, ìdí nìyí tí mo fi mú èyí tí ó ń jẹ mí lọ́kàn wá síwájú yín. Nígbà tí a ń kó ẹrù bàbá mi jáde nínú yàrá rẹ̀, mo rí ọ̀bẹ ọdẹ rẹ̀ nínú àkọ̀ awọ tí ó ti gan. Alágbẹ̀dẹ kan ní Kàbbà ni ó rọ ọ́ fún un kí wọ́n tó bí mi. Ojú òòlù ṣì hàn ní ẹ̀yìn rẹ̀, dúdú sì bo gbogbo ara rẹ̀ àfi ibi tí ó mú nìkan, ṣùgbọ́n ó ti ń dógùn-ún ní ìdí, lẹ́bàá èkù. Òun ni bàbá mi fi ń kun ẹran ìgbẹ́, òun náà ni ó sì kọ́kọ́ fi lé mi lọ́wọ́ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí ó ní kí n kun òkété. Àbúrò mi ní kí n gbé e lọ bá àwọn wẹ́dà, kí wọ́n fi ẹ̀rọ yún un títí yóò fi máa dán bí tuntun. Ọkàn mi kò gbà á. Kí ni kí n ṣe? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún mi pẹ̀lú, ọ̀bẹ wo ni ó kọ́kọ́ wọ ẹ̀yin náà lọ́kàn?

Ẹwìrì Ìsánlú:

Àbúrò mi, má gbé e lọ síbẹ̀ rárá. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni mí; mo ti ń fín ẹwìrì ní ilé arọ bàbá mi kí n tó mọ ìwé kà. Sípíríìn ọkọ̀ akẹ́rù, irin pẹlẹbẹ tí ó ń gbé ẹrù lábẹ́ ọkọ̀, ni ó sábà máa ń fi rọ ọ̀bẹ ọdẹ, nítorí pé kábọ́nù tó nínú rẹ̀. Irin ilẹ̀kùn kò ní kábọ́nù tó, bí ó ti wù kí a rẹ ẹ́ tó, kò ní le. Bàbá mi á yan ọ̀bẹ nínú èédú títí yóò fi pọ́n bí oòrùn ìrọ̀lẹ́, á rẹ ẹ́ sínú òróró, irin náà á sì le débi pé bí ó bá bọ́ lulẹ̀, ó lè ṣẹ́ bí àwo. Nítorí náà ni yóò ṣe tún rọra fi ọ̀bẹ náà yá iná, tí yóò máa wo ibi tí ó ti ha lára rẹ̀ títí yóò fi rí àwọ̀ oyin, èyí tí ó máa ń jáde ní nǹkan bí 200 sí 230 °C. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Bí iná bá kọjá ibẹ̀ tí ojú ọ̀bẹ fi pa aró, ní nǹkan bí 300 °C, púpọ̀ nínú líle rẹ̀ ti lọ, ẹ̀rọ àwọn wẹ́dà sì lè mú ojú tín-ínrín dé ibẹ̀ kí o tó ṣẹ́jú.

Mo ti pàdánù ọ̀kan bẹ́ẹ̀. Ọ̀bẹ tí bàbá mi rọ gbẹ̀yìn ni, èmi fúnra mi ni mo sì gbé e fún ẹni tí ó yún un. Ó dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò lè bó iṣu mẹ́ta kí ó tó kújú. Òun ni ọ̀bẹ tí ó wọ̀ mí lọ́kàn, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ọmọ Bíríkìlà Mọ́pà:

Ọ̀bẹ òyìnbó ni tèmi. Bàbá mi ṣiṣẹ́ bíríkìlà ní Àjàòkúta ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí àwọn ará Soviet, Faransé àti Jámánì pọ̀ níbẹ̀, Faransé kan tí ó ń padà sílé sì fún un ní Opinel No. 8, ọ̀bẹ tí a máa ń ká pọ̀. Èkù rẹ̀ jẹ́ igi, òrùka irin sì wà ní ọrùn rẹ̀ tí a máa ń yí kí ojú ọ̀bẹ má baà pa dé mọ́ni lọ́wọ́. Láti 1890 ni Joseph Opinel ti ń ṣe ọ̀bẹ náà, ṣùgbọ́n 1955 ni òrùka yẹn tó dé.

Irin oníkábọ́nù ni òun náà, bíi ti bàbá rẹ. Ìyá mi fi gé ọsàn àti máńgòrò títí ó fi dúdú. Nígbà tí mo fẹ́ fi yanrìn ha á ní kékeré, ó gbà á lọ́wọ́ mi, inú mi sì dùn pé ó ṣe bẹ́ẹ̀. Dúdú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí, aṣọ ni ó jẹ́ fún irin. Pupa ni ó ń jẹ irin lọ, pupa nìkan sì ni kí o mú kúrò: fi àkísà tí o ti rẹ sínú òróró, pẹ̀lú eérú kúnnákúnná, ra á lọ́wọ́, kí o sì fi àdí díẹ̀ pa á. Má sì ṣe tọ́jú rẹ̀ sínú àkọ̀ awọ mọ́, nítorí pé awọ máa ń fa omi mọ́ra. Bóyá ohun tí ó mú kí ó dógùn-ún nìyẹn.

Ìyá Oníṣu Kàbbà:

Òrí ni èmi máa ń lò dípò àdí, kò ní òórùn. Àdá tí wọ́n tẹ àwòrán ọ̀nì sí lára, tí Martindale ṣe ní Birmingham, ni ọkọ mi fi ṣán oko títí ó fi jẹ kù díẹ̀, alágbẹ̀dẹ sì gé e sí ọ̀bẹ méjì fún mi. Mo ṣì ń fi ọ̀kan bó iṣu. Ọmọ mi, máa lo ti bàbá rẹ, má gbé e kọ́ sára ògiri.

Ọmọ Ọdẹ Ìyàrá:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo lo eérú àti òróró lánàá, pupa náà sì ti lọ. Ihò wẹ́wẹ́ mẹ́ta ni mo rí lábẹ́ rẹ̀, tí a fi irin ṣóńṣó lù ní ìlà kan ṣoṣo lẹ́bàá èkù. Ẹ̀gbọ́n Ẹwìrì, ṣé ẹ mọ ilé arọ tí ó ń fi irú àmì bẹ́ẹ̀ sára iṣẹ́ rẹ̀ ní Kàbbà?

Ẹwìrì Ìsánlú:

Bàbá mi kì í fi àmì sí tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ ṣì wà láyé. Ya fọ́tò àmì náà kí n gbé e lọ hàn wọ́n lọ́jọ́ ọjà.