Kì í ṣe èènì, kì í sì í ṣe àgbàtà: orúkọ wo ló yẹ owó oníṣẹ́ ọwọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ń túmọ̀ ìwé àdéhùn iṣẹ́ kan sí Yorùbá, ìwé tí ọ̀gá àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ máa jọ tọwọ́ bọ̀: mẹkáníìkì, wẹ́dà, púlọ́ńbà, rìwáyà. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìwé náà ní wọ́n lè gbà sanwó fún wọn. Wọ́n lè ka iye wákàtí tí èèyàn fi ṣiṣẹ́. Wọ́n lè fún un ní ohun tí gbogbo ayé ń pè ní kọ́míṣọ̀n. Wọ́n sì lè fi owó kan ṣèlérí fún un, kó lè ṣe ju bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Orúkọ tí olùtumọ̀ wa mú wá ni owó agogo, owó àgbàtà àti èènì. Àwọn kan ti ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan tiẹ̀ ní kí la wá ń da ara wa láàmú sí, pé "ọ̀yà" kájú gbogbo ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀yà ni agboolé. Àwọn tó ń gbé inú ẹ̀ la ń wá orúkọ fún. Bí mo bá bi yín pé irú ọ̀yà wo lẹ ń gbà, tẹ́ ẹ sì dá mi lóhùn pé "ọ̀yà ni", ṣé mo ti gbọ́ nǹkan kan?

Ohun tí mo fi ń dán orúkọ kọ̀ọ̀kan wò ò ju ìbéèrè kan lọ: kí ni wọ́n ń kà kí wọ́n tó ka owó? Orúkọ tí kò bá jẹ́ kéèyàn mọ ohun tí wọ́n ń kà máa dá ìjà sílẹ̀ lọ́jọ́ ìsanwó, bó ti wù kó dùn létí tó.

Owó agogo ò ní gbà wá lásìkò. Agogo máa ń sọ ibi tí àkókò dé, wákàtí ló ń sọ bó ṣe gùn tó. "Agogo méjì ni mo dé" yàtọ̀ pátápátá sí "wákàtí méjì ni mo fi dúró", kò sì sí ọmọ Yorùbá tó ń ṣi ọ̀kan lò fún èkejì. Àwọn tó ń gbèjà agogo ní ọ̀rọ̀ wa gan-an nìyẹn, pé "wákàtí" ti èdè Lárúbáwá wá, ó gba ọ̀dọ̀ Hausa wọlé. Òótọ́ ni. Àmọ́ ó ti pẹ́ tó ti di ọmọ ilé, ẹni tó bá fẹ́ lé e jáde báyìí, kó wá ohun tó máa fi wọn ìrìn àjò rẹ̀. Owó wákàtí, ó tán. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí olùtumọ̀ wa fi kún un ni pé wákàtí tí oníṣẹ́ fi jókòó de páàtì tí wọn ò tíì gbé dé wà lára ohun tí wọ́n ń kà. Ìyẹn ló mú kí owó wákàtí yàtọ̀ sí gbogbo yòókù.

Àgbàtà ni mo fẹ́ jókòó tì dáadáa.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: gbà, tà. Alágbàtà gba ọjà ẹlòmíì, ó tà á, ó jẹ èrè orí ẹ̀. Kò ṣe ọjà náà. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń bá ilé iṣẹ́ ta ẹ̀rọ là ń sọ, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí epo kún ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, tó tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ tó sì tún un tò, bẹ́ẹ bá pe owó rẹ̀ ní owó àgbàtà, ẹ ti sọ pé kò ṣe ju kó dúró sáàárín lọ. Ó máa bínú, ẹjọ́ rẹ̀ á sì tọ́.

Síbẹ̀, kí ni wọ́n ń kà nínú kọ́míṣọ̀n? Owó tí oníbàárà san ni. Wọ́n á mú ìdá kan nínú ẹ̀ fún oníṣẹ́: ìdá mẹ́wàá, ìdá márùn-ún, bí àdéhùn bá ṣe rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ "owó ìdá". Ẹnì kan ti dábàá "owó ìpín", kò sì burú, àyàfi pé ẹni tó ní ìpín nínú iṣẹ́ kan, a máa ń rò pé ó ní in lọ́wọ́ bí onílé ni. Oníṣẹ́ owó ìdá ò ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ fi àmì ohùn sí i, torí "owo ida" tí ò ní àmì lè di owó idà, kí àwọn èèyàn máa rò pé alágbẹ̀dẹ là ń sanwó fún.

Bí a bá ti pè é ní owó ìdá, ewu tó wà nínú ẹ̀ náà á hàn síta. Bí owó oníbàárà bá ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìdá oníṣẹ́ ń pọ̀ sí i, yálà nǹkan bàjẹ́ o, kò bàjẹ́ o. Lọ́dún 1992, ìjọba ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan Sears, ilé iṣẹ́ ìtajà ńlá kan, pé àwọn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe ń ta àtúnṣe tí ọkọ̀ ò nílò fún àwọn èèyàn. Lọ́dún yẹn náà ni Sears fòpin sí kọ́míṣọ̀n àwọn tó ń gba ọkọ̀ wọlé, tí wọ́n sì ń sọ fún oníbàárà ohun tó ń ṣe é. Mi ò sọ pé gbogbo ẹni tó ń gba owó ìdá ló ń purọ́ o. Mo ní ohun tí wọ́n ń kà máa ń fa ojú èèyàn síbì kan ni.

Ibi tí mo ti bá ọ̀pọ̀ yín yapa gan-an rèé. Ẹnì kan kọ̀wé pé mẹkáníìkì tí wọ́n ń fi ìwé wákàtí (ìwé tó ti dá iye wákàtí fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan) sanwó fún, kọ́míṣọ̀n lòun náà ń gbà, pé ká kó méjèèjì sábẹ́ orúkọ kan. Ẹ jẹ́ ká wọ ṣọ́ọ̀bù lọ wò ó.

Mẹkáníìkì kan fẹ́ pààrọ̀ bíréèkì. Ìwé tí ilé iṣẹ́ ń lò ti dá wákàtí méjì fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún parí ẹ̀, wọ́n sì kọ wákàtí méjì sílẹ̀ fún un. Ó nu ọwọ́, ó fa ọkọ̀ kejì wọlé, iṣẹ́ kan náà. Èyí ti dípẹtà. Ó fi sípánà mú bóòtù àkọ́kọ́, ó yí i, kò mì. Ó da epo sí i lára, ó dúró díẹ̀, ó tún yí i, pàbó. Ó fi iná sí i títí ó fi pọ́n. Ó yí i lẹ́ẹ̀kẹta, kọ̀ọ́, orí bóòtù já bọ́ sílẹ̀, ìyókù há sínú irin. Ó wá di kó máa fi dírììlì gbẹ́ ẹ jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kó má baà ba ojú ihò jẹ́. Ìgbà tó máa fi gbórí, wákàtí mẹ́rin ti lọ. Ìwé ṣì ń wí pé méjì.

Bó bá jẹ́ owó wákàtí ló ń gbà, mẹ́rin ni wọ́n máa san, ọ̀gá ló máa ru méjì tó lé. Bó bá jẹ́ owó ìdá, wọn ò ní ka wákàtí rárá. Bí páàtì bá ṣe wọ́n tó ni ìdá rẹ̀ á ṣe tó. Ṣùgbọ́n nínú ìwé wákàtí, páàtì ì báà jẹ́ wúrà, wákàtí méjì náà ni. Ohun tí wọ́n ń kà ni iṣẹ́ tó parí, èyí tí wọ́n ti díwọ̀n kó tó bẹ̀rẹ̀. Báwo wá ni yóò ṣe jẹ́ kọ́míṣọ̀n?

Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ tá a ń wá wà nílẹ̀, a kàn ń fo orí ẹ̀ kọjá ni. Àgbàṣe. Ẹni tó bá gba oko ṣe, iye ebè ni wọ́n jọ máa ń sọ, ẹnikẹ́ni ò wo oòrùn. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàtà: gbà-tà, gbà-ṣe. "Gbà" kan náà ló ṣáájú méjèèjì, "tà" àti "ṣe" ló là wọ́n. Kí la tún ń wá ọ̀rọ̀ kiri sí nígbà tí èdè fúnra rẹ̀ ti ṣe ìpínyà yìí fún wa lọ́fẹ̀ẹ́? Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní alágbàṣe ti di orúkọ ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kankan, pé ẹni tó kọ́ṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ò ní fẹ́ kí wọ́n pe òun bẹ́ẹ̀. Mo gbà fún wọn, mi ò sì ní kẹ́ ẹ pe ẹnikẹ́ni ní alágbàṣe. Owó rẹ̀ ni kẹ́ ẹ pè ní owó àgbàṣe.

Iṣẹ́ ìwádìí kan wà tó jẹ́ kí ìyàtọ̀ yìí ṣe kedere. Lọ́dún 2000, Edward Lazear, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, kọ̀wé nípa Safelite, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń pààrọ̀ gíláàsì iwájú ọkọ̀. Láàárín 1994 sí 1995, wọ́n kúrò lórí owó wákàtí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san owó lórí gíláàsì kọ̀ọ̀kan tí òṣìṣẹ́ bá fi sí i. Iṣẹ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń parí fi 44% pọ̀ sí i. Nǹkan bí ìdajì ìyẹn ló wá látinú pé àwọn òṣìṣẹ́ kan náà tó ti wà níbẹ̀ tún yára sí i. Èyí tó pọ̀ nínú ìyókù jẹ́ torí pé àwọn tọ́wọ́ wọn yá ló wá ń fẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń dúró. Wọn ò ṣàì fi owó wákàtí díẹ̀ ṣe ìsàlẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tí ọjà ò bá yá fún ò ní lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Bí gíláàsì tí òṣìṣẹ́ fi sí i bá sì bàjẹ́, àkókò ara rẹ̀ ló máa fi tún un ṣe. Ẹ rántí èyí, mo ṣì ń bọ̀ síbẹ̀.

Ó wá ku èènì. Èènì máa ń dé lẹ́yìn tí a ti gbà lórí iye. Ẹni tó ń tà ló ń bù ú, inú rere rẹ̀ ni. Èèyàn lè bẹ̀bẹ̀ fún èènì. Ta ló ń pẹjọ́ nítorí èènì? Bí olùtumọ̀ wa bá kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, lọ́jọ́ tí oníṣẹ́ bá béèrè owó rẹ̀, ọ̀gá á ní, "Èènì ló wà níbẹ̀, mi ò sì ní in lónìí." Kò ní parọ́.

Àwọn tó mú "owó ìwúrí" wá sún mọ́ ọn, àmọ́ ẹ̀yìn ni ìwúrí ń wò. Nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ná kó tó wú mi lórí. Owó tí à ń sọ yìí, iwájú ló ń wò, wọ́n gbọ́dọ̀ ti ṣèlérí rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò lè ti ẹnikẹ́ni nídìí. Kóríyá lèmi mú. Mo ń gbọ́ "kí orí yá" nínú ẹ̀, "kí" yẹn ni mo sì fẹ́ràn. Ohun tí ò tíì ṣẹlẹ̀ la máa ń lo "kí" fún. Ọ̀gá tó bá dúró dìgbà tí iṣẹ́ parí kó tó mú owó jáde ti fúnni lẹ́bùn, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò san owó kóríyá. (Àjẹmọ́nú tẹ́nì kan dárúkọ, àwọn oníròyìn ti mú un fún owó tí wọ́n ń fi kún owó oṣù, èèyàn ì báà ṣe dáadáa tàbí kò ṣe.)

Kí ni wọ́n ń kà nínú owó kóríyá? Ó lè jẹ́ oríṣiríṣi nǹkan. Ọ̀kan lára èyí tó pẹ́ jù tí mo mọ̀ ni ti Frederick Halsey, ẹnjiníà ọmọ Amẹ́ríkà, tó gbé ètò rẹ̀ jáde lọ́dún 1891. Ká ní wọ́n dá wákàtí 10 fún iṣẹ́ kan, tí wẹ́dà kan sì fi 6 parí rẹ̀. Owó wákàtí á san 6 fún un. Owó àgbàṣe á san 10. Halsey ní tirẹ̀ á san 6 yẹn, á wá pín 4 tó ṣẹ́kù láàárín ọ̀gá àti oníṣẹ́. Bó bá jẹ́ ìdajì-ìdajì, owó wákàtí 8 ni wẹ́dà yóò gbà. Ohun tí wọ́n ń kà níbẹ̀ ni àkókò tí wọn ò lò, ó sì yẹ ká ní orúkọ fún un: wákàtí àṣẹ́kù. Nǹkan tó sábà máa ń bà á jẹ́ ni ojúkòkòrò. Ọ̀gá á rí i pé 6 lèèyàn fi ń ṣe é, á sọ 10 di 7, wẹ́dà náà á sì dẹwọ́. Frederick Taylor, ẹnjiníà ọmọ Amẹ́ríkà mìíràn, ti ń ráhùn nípa irú ẹ̀ lọ́dún 1895.

Ẹ jẹ́ n padà sórí gíláàsì tó bàjẹ́. Iṣẹ́ tó bá padà wá sọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, mo ń pè é ní àdápadà, mo sì fẹ́ kó wọnú ìwé náà, torí yàtọ̀ sí owó wákàtí, kò sí ọ̀kan nínú yòókù tí kò ní í ti èèyàn láti sáré ju bó ṣe yẹ. Ta ló máa ru àdápadà? Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì ń dà mí láàmú. Wákàtí méjì tí bóòtù tó dípẹtà yẹn jẹ, tí ìwé ò kà, kí là ń pè é? Olùtumọ̀ wa kọ "wákàtí òfò". Ọkọ̀ náà ṣáà ń rìn, bíréèkì rẹ̀ ń mú, oníbàárà ti sanwó, ọ̀gá ti gba tirẹ̀. Òfò ta ni? Mo ronú "àṣedànù", àmọ́ iṣẹ́ náà ò dànù. Èyí tí mo wá fẹ́ẹ́ gbà ni "wákàtí àfiṣọrẹ", ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi nǹkan ṣọrẹ máa ń mọ̀ pé òun ń fi nǹkan tọrẹ ni. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀, kó mú un wá.